Ẹ Bi Wá, Ká Dáhùn: Báìkì Oníná Tó Ń Sáré, Ṣé Kẹ̀kẹ́ Ni Àbí Máṣíìnì?

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn wa n'Ílọrin, Ọ̀fà, Òmù-Àrán, Àjàsẹ́ àti gbogbo agbègbè. Látìgbà tí epo ti wọ́n láti May 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí ẹ̀, tó ti kúrò ní nǹkan bíi ₦190 tó fò kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ni lẹ́tà lórí báìkì oníná ti ń wọlé sọ́dọ̀ wa. Kì í wá ṣe àwọn tó ń rọra yí ni wọ́n ń bèèrè o, àwọn tó ń sáré dáadáa ni, èyí téèyàn lè gùn lọ síbi iṣẹ́ kó débẹ̀ láì làágùn. Àwọn tó kan òfin nínú lẹ́tà náà la kó jọ lọ́tẹ̀ yìí.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, Gáà-Akanbí ni mò ń gbé. Mo fẹ́ ra báìkì oníná kan tó ní pẹ́dà, ẹni tó ń tà á ní Táíwò sọ fún mi pé torí pé ó ní pẹ́dà, kẹ̀kẹ́ ológeere ni lójú òfin, pé kò gba nọ́ńbà, kò gba láísẹ́ńsì, kò sẹ́ni tó lè dá mi dúró. Ó tún ní ó ń sá tó kìlómítà 50 ní wákàtí kan. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? (Òṣìṣẹ́ ìjọba, Gáà-Akanbí)

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọjà ni ẹni yẹn fẹ́ tà. Kò síbi tí wọ́n ti jókòó ṣòfin lórí báìkì yìí tó jẹ́ pé pẹ́dà nìkan ni wọ́n wò. Ohun tí wọ́n ń wò ni pé mọ́tọ̀ ẹ̀, ìyẹn ẹ́ńjìnnì oníná ara ẹ̀, máa ń ti èèyàn dé eré mélòó kó tó jáwọ́, wáàtì mélòó ni agbára ẹ̀, àti pé tí ẹsẹ̀ yín bá dúró, ṣé ó ṣì ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ti Yúróòpù torí púpọ̀ nínú tókúnbọ̀ tó ń wọlé, ibẹ̀ ló ti ń wá. Wọ́n ní òfin kan, Regulation 168/2013, January 2016 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Báìkì tí mọ́tọ̀ ẹ̀ ò ju wáàtì 250 lọ, tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá ń wa pẹ́dà nìkan ló ń ràn yín lọ́wọ́, tó sì ń jáwọ́ tí ẹ bá ti dé kìlómítà 25 ní wákàtí kan, kẹ̀kẹ́ lásán nìyẹn, wọn ò da ẹnì kankan láàmú lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ń ranni lọ́wọ́ dé 45, tí wọ́n ń pè ní speed pedelec, pẹ́dà wà lára òun náà o, síbẹ̀ ó ti bọ́ sáàárín àwọn máṣíìnì kékeré. Nẹ́dálándì, láti January 1, 2017, ẹni tó bá fẹ́ gùn ún gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ńsì, nọ́ńbà yẹ́lò, ìnṣọ́ránsì àti hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Jámánì bẹ́ẹ̀ náà, àwọn tiẹ̀ tún lé e kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́, pé kó lọ máa bá mọ́tò rìn, àfi ìwọ̀nba ibi tí wọ́n ti gbà á láyè. Bẹ́ljíọ̀m rọ̀ jù wọ́n lọ, ìdí sì nìyẹn tó fi pọ̀ lọ́dọ̀ wọn láàárín àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́, àmọ́ láísẹ́ńsì àti nọ́ńbà wà níbẹ̀ náà.

Amẹ́ríkà ló rọ̀ jù. Kíláàsì mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wọn pín in sí, California ló gba ètò yẹn wọlé ní 2015. Kíláàsì kìíní, wíwa pẹ́dà ló ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́, ó ń dúró ní máìlì 20, ìyẹn bíi kìlómítà 32. Ìkejì, eré kan náà, àmọ́ ó ní ọwọ́ tí wọ́n ń lọ́ bíi ti ọ̀kadà. Ìkẹta ló ń dé máìlì 28, ìyẹn 45 tí Yúróòpù ń kà sí máṣíìnì. Nítorí náà báìkì kan náà tó jẹ́ kẹ̀kẹ́ ní California, tí ẹ bá gbé e dé Amsterdam, máṣíìnì ni. Ibẹ̀ ni àwọn olójà wa ti ń rí ọ̀rọ̀ sọ, wọ́n á ka ti Amẹ́ríkà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á wá máa fi ta ọjà n'Ílọrin.

Tilẹ̀ wa ńkọ́? Òfin ojú pópó tí Road Safety ń lò, ti 2012 yẹn, mọ kẹ̀kẹ́ ológeere, ó sì mọ máṣíìnì. Kò ya àyè kẹta sọ́tọ̀ fún èyí tó wà láàárín méjèèjì. Máṣíìnì sì gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà, ẹni tó ń gùn ún gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ńsì, Class A lórúkọ tiwọn, ó gbọ́dọ̀ dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì, ìnṣọ́ránsì third party sì jẹ́ dandan. Ẹ wá rò ó wò, tí òṣìṣẹ́ Road Safety bá rí nǹkan tó ń sá 50 lójú títì Offa Garage, tí ẹsẹ̀ ẹni tó gùn ún dúró gbagidi, èwo nínú méjèèjì lẹ rò pé ó máa pè é? Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ ṣe é bíi máṣíìnì látìbẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà ara férémù àti nọ́ńbà mọ́tọ̀, ẹ gba ìwé kọ́sítọ̀ọ̀mù ẹ̀, torí láìsí ìwé wọ̀nyẹn ibi tí wọ́n ti ń fúnni ní nọ́ńbà ò ní dá yín lóhùn. Tí olójà bá ní òun ò ní ìwé kankan, ẹ fi báìkì sílẹ̀ fún un.

Ẹ má sì gba ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀ gbọ́. Lọ́jọ́ kan báyìí mo bá ẹnìkan yẹ èyí tó rà wò. Lára mọ́tọ̀ tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn, wọ́n kọ 250W gàdàgbà sí i, ẹ ó sọ pé ẹ wò ó, kẹ̀kẹ́ ni. A ṣí àpótí kékeré tí kọntiróla, ìyẹn ohun tó ń pín iná bátìrì fún mọ́tọ̀, wà nínú ẹ̀, lábẹ́ ìjókòó, a nu erùpẹ̀ orí ẹ̀ kúrò, 48V (fóòltì) ló wà níbẹ̀, 25A (áńpíà) ló tẹ̀lé e. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ara wọn, wáàtì 1,200 nìyẹn! Agbára tó lè fà tó bá gun òkè ni o, kì í ṣe èyí tó ń lò ní gbogbo ìgbà, àmọ́ mọ́tọ̀ 250 tòótọ́ kì í gbà kí wọ́n fún un lóńjẹ tó tó yẹn. Tí ẹ bá fẹ́ mọ eré ẹ̀ gan-an, ẹ gbé e lọ sójú ọ̀nà tó tẹ́ pẹrẹsẹ tí mọ́tò ò sí, kí ẹlòmíì wo GPS inú fóònù, torí míítà ojú báìkì míì máa ń parọ́.

Ìbéèrè: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àjàsẹ́-Ìpo ni mò ń gbé, Ọ̀fà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Jámánì fẹ́ fún mi ní báìkì oníná ẹ̀ tó ń sá 45, ó ní ó ní nọ́ńbà, ó ní ìnṣọ́ránsì, pé kí n sáà máa gùn ún lọ. Ó fẹ́ gbé e bọ̀ fúnra ẹ̀ tó bá ń bọ̀ nílé. (Olùkọ́ obìnrin, Àjàsẹ́-Ìpo)

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire o, àǹtí, àbúrò gidi lẹ ní. Àmọ́ nọ́ńbà Jámánì yẹn ò lè ṣiṣẹ́ fún yín. Àmì ìnṣọ́ránsì ni pátákó kékeré yẹn lọ́hùn-ún. Ọjọ́ kìíní oṣù March ló ń bẹ̀rẹ̀, ó ń kú ní ìparí February ọdún kejì, wọ́n sì máa ń pààrọ̀ àwọ̀ ẹ̀ lọ́dọọdún, dúdú, búlúù, àwọ̀ ewé, kí ọlọ́pàá lè rí i látòkèèrè pé ti ẹnìkan ti kú. Tó bá dé Ọ̀fà, irin lásán ni. Ẹ ní kó yọ ọ́ kó tó gbé e.

Ohun tó wúlò tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí bèèrè ni ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Certificate of Conformity. Báìkì tó bá jẹ́ 45 tòótọ́, tí ilé iṣẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ìwé yẹn máa ń bá a wá, ó máa ń kọ eré tó lè sá, agbára mọ́tọ̀ ẹ̀ àti nọ́ńbà férémù síbẹ̀. Kó wá a jáde, kó mú rìsíìtì tó fi rà á pọ̀ mọ́ ọn. Ìwé méjèèjì yẹn lẹ máa fi rí ọ̀rọ̀ sọ tí ẹ bá fẹ́ gba nọ́ńbà ní Kwárà. Tí wọ́n bá sì ń kọ ìwé ẹrù, kó pe báìkì ní ohun tó jẹ́, kó má kọ kẹ̀kẹ́ ológeere síbẹ̀ torí kó lè san owó kékeré, ẹ̀yin ni ìyẹn máa kó sí wàhálà tí ìwé kan bá ń pè é ní kẹ̀kẹ́ tí èkejì ń pè é ní máṣíìnì.

Pé kó gbé e bọ̀ fúnra ẹ̀, ìyẹn gan-an ni ò ṣeé ṣe, àfi tó bá yọ bátìrì ẹ̀ sílẹ̀. Bátìrì líthíọ̀mù tó bá ti ju 160Wh lọ (Wh ni wọ́n fi ń wọn iná tí bátìrì lè gbà sínú), èrò ò lè gbé e wọ bàálù, ì báà jẹ́ nínú báàgì ọwọ́, ì báà jẹ́ nínú ẹrù ìsàlẹ̀. Ti báìkì 45 sì máa ń tó 500 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ ojú omi ló máa bá dé, kó lọ bá àwọn tó ń kó ẹrù sọ̀rọ̀, kó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé bátìrì wà níbẹ̀.

Ọ̀nà Àjàsẹ́ sí Ọ̀fà yẹn ló tún ń kọ mí lóminú. Road Safety fún máṣíìnì láyè dé 60 ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, nítorí náà 45 ò lòdì sófin. Àmọ́ bọ́ọ̀sì àti tírélà tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín ń sá ju ìlọ́po méjì yẹn lọ, kò sì sí etí títì tó dáa tí ẹ lè yà sí. Ẹ ra jákẹ́ẹ̀tì tó ń tan iná padà, ẹ má gùn ún lálẹ́, ẹ má sì wọ hẹ́límẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó jẹ́ ti kẹ̀kẹ́ lásán. Àwọn ará Nẹ́dálándì tiẹ̀ ṣe òdiwọ̀n hẹ́límẹ́ẹ̀tì kan fún báìkì 45 yìí nìkan, NTA 8776, ó bo ẹ̀bá etí àti ẹ̀yìn orí ju ti kẹ̀kẹ́ lọ. Tí ẹ ò bá rí i, ti máṣíìnì gidi ni kí ẹ wọ̀, bó tilẹ̀ móoru.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ sà. Ọmọ Unilorin ni mí, Òkè-Odò ní Tanke ni mò ń gbé. Báìkì mi kì í ju 25 lọ, mekáníìkì kan ní òun máa já wáyà kan ṣoṣo nínú ẹ̀ tó fi máa máa sá 50. Owó ẹ̀ ò pọ̀. Ṣé wàhálà wà níbẹ̀? (Akẹ́kọ̀ọ́, Tanke)

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má ṣe é, mo bẹ̀ ẹ́.

Mo mọ wáyà tó ń sọ. Ó wà lára kọntiróla àwọn báìkì kan, tí wọ́n bá ti já a, gbèdéke eré ti lọ nìyẹn. Ní Yúróòpù, ìṣẹ́jú tó o bá já a, báìkì ẹ kì í ṣe kẹ̀kẹ́ mọ́, ó ti di máṣíìnì tí ò ní ìwé, tó o bá sì gbá èèyàn pẹ̀lú ẹ̀, ìnṣọ́ránsì lè kọ̀ ẹ́, ìwọ lo máa fi àpò ara ẹ sanwó. Níbí náà, báìkì tó jẹ́ pé lánàá o lè sọ pé ẹsẹ̀ mi ni mo fi ń wà á, lónìí o ò lè sọ ọ́ mọ́, láìní nọ́ńbà, láìní láísẹ́ńsì.

Èyí tó tún bà mí lẹ́rù ju òfin lọ ni bíréèkì. Ẹni tó ṣe báìkì ẹ mọ̀ pé 25 ló máa sá, bíréèkì 25 ló fi sí i, táyà 25, férémù 25. Tó o bá ń sá 25, kí ọpọlọ ẹ tó sọ fún ọwọ́ ẹ pé kó tẹ bíréèkì, bíi sẹ́kọ́ńdì kan nìyẹn, o ti lọ mítà 7. Tó o bá ń sá 45, mítà 12 ààbọ̀ lo ti lọ, o ò tíì tẹ nǹkan kan o. Bíréèkì ẹ á wá pa agbára tó ju ìlọ́po mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀, torí tí eré bá lọ sókè, agbára ìkọlù ń lọ sókè ní ìlọ́po ìlọ́po. Ó yẹ kí ìwọ tó ń gba Tipper Garage kọjá lójoojúmọ́ mọ bí kẹ̀kẹ́ Màrúwá ṣe máa ń ṣe níbẹ̀, ẹnìkan gbé ọwọ́ sókè lápá ọ̀tún, oníkẹ̀kẹ́ á gé síbẹ̀ lójijì láì tan tíráfíkéétọ̀, táyà ẹ̀yìn ẹ̀ á sì ti wà níwájú ẹ ní mítà márùn-ún. Kí lo fẹ́ ṣe?

Tó o bá nílò eré, tà á, ra èyí tí wọ́n ṣe fún eré, kó o gba nọ́ńbà àti láísẹ́ńsì ẹ̀. Ó máa náwó, mo mọ̀, owó akẹ́kọ̀ọ́ ò pọ̀. Láti Tanke dé Permanent Site, 25 tó ẹ.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fi gbé ọmọ mi méjì lọ sílé kéú? (Àlhájà, Òkèlélé)

Ìdáhùn: Méjì kọ́, Àlhájà. Ẹnì kan ṣoṣo ni òfin gbà kí máṣíìnì gbé lẹ́yìn ẹni tó ń wà á, ìyẹn tó bá ní ìjókòó àti ibi ìgbẹ́sẹ̀lé gidi lẹ́yìn. Irin tí wọ́n ń di ẹrù mọ́ kì í ṣe ìjókòó. Kí ọmọ náà sì ní hẹ́límẹ́ẹ̀tì tiẹ̀, tó bá orí ẹ̀ mu.

Ìbéèrè: Lánlọ́ọ̀dù mi ní òun ò fẹ́ rí báìkì oníná nínú ilé òun, pé ó máa jó ilé. Ṣé ó lẹ́tọ̀ọ́? Òru ni wọ́n máa ń mú iná wá ládùúgbò wa, ìgbà yẹn ni mo máa ń ṣáàjì. (Ayálégbé, Adéwọlé)

Ìdáhùn: Ilé ẹ̀ ni, ẹ̀rù tó ń bà á sì nídìí. Iná bátìrì líthíọ̀mù ti pa èèyàn ní New York débi pé láti September 2023, òfin ìlú náà ò gbà kí wọ́n ta báìkì oníná tí kò bá ti yege ìdánwò UL 2849 (UL ni ilé iṣẹ́ tó ń yẹ ohun oníná wò bóyá ó léwu), bátìrì náà sì ní ìdánwò tiẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ẹ máa rí UL lára tiyín. Ẹ lo ṣájà tó bá a wá nìkan, kì í ṣe èyí tí ẹnu ẹ̀ kàn bá a mu. Ẹ má ṣáàjì ẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà àbájáde, torí tó bá gbiná, ibẹ̀ lẹ fẹ́ gbà sá. Tó bá jẹ́ òru nìkan ni iná ń dé, ẹ yọ bátìrì gbé e sí bàlùkóni onísìmẹ́ǹtì, kúrò lára kọ́tìnnì àti fóòmù, kí ẹ fi áláàmù jí ara yín yọ ọ́ nígbà tó bá kún. Bátìrì tó bá ti wú, tàbí tó já lulẹ̀, tàbí tí omi wọ̀, ẹ má ṣáàjì ẹ̀ mọ́ láéláé. Ẹ fi ètò yìí han lánlọ́ọ̀dù, mo rò pé á gbọ́.

Ìbéèrè: Àwa òṣìṣẹ́ bíi mélòó kan fẹ́ kọ̀wé sí ìjọba lórí báìkì yìí torí wọ́n ń dá wa dúró, tónìí sọ̀tọ̀, tọ̀la sọ̀tọ̀. Kí lẹ rò pé ó yẹ ká bèèrè? (Òṣìṣẹ́, Òmù-Àrán)

Ìdáhùn: Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí gan-an. Ẹ má bèèrè pé kí wọ́n fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ láìlófin, wọn ò ní gbà, kò sì dáa. Ẹ bèèrè pé kí wọ́n la ìlà.

Ẹ wo Íńdíà, tí ọ̀rọ̀ máṣíìnì ti wọn jọ tiwa. Òfin wọn ní èyí tí mọ́tọ̀ ẹ̀ ò tó wáàtì 250, tí kì í ju 25 lọ, kì í ṣe ọkọ̀ onímọ́tọ̀, kò gba nọ́ńbà, kò gba láísẹ́ńsì. Ṣáínà tí báìkì wọ̀nyí pọ̀ jù ní gbogbo ayé, ìlà tí wọ́n lò láti April 2019 títí di 2025 ni kìlómítà 25, wáàtì 400, kó má wúwo ju kílò 55, kó sì ní pẹ́dà. Èyí tó bá kọjá ìlà yẹn, wọ́n ń kà á sí máṣíìnì nígbà náà. Ìlà ló jẹ́ kí olówó kékeré lè ra nǹkan láì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni lójú títì, tí ẹni tó fẹ́ sáré náà sì mọ ohun tó máa san. Níbi tí ìlà ò bá sí, ohun tó bá wu ẹni tó dá yín dúró ló máa sọ, ẹni tó sì máa ń jìyà ẹ̀ ni òṣìṣẹ́ tí ò ní nǹkan míì tó lè fi délé. Ìyẹn ló ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Kí wọ́n má sì fi cc, ìyẹn ìtóbi inú ẹ́ńjìnnì tó ń mu epo, la ìlà o. Òfin ìrìnnà Èkó ti 2018 fi 200cc pààlà láàárín máṣíìnì tó lè gba àwọn ọ̀nà ńlá àti èyí tí ò lè gbà á. Báìkì oníná ò ní cc kankan, ẹni tó bá fi cc wọ̀n ọ́ á máa wá ohun tí ò sọnù. Wáàtì àti eré ni kí wọ́n kọ. Fún àwọn tó wà láàárín 25 sí 45, kí wọ́n ní nọ́ńbà kékeré tí owó ẹ̀ ò ní pọ̀. Láti January 2023, third party máṣíìnì ti wà ní ₦3,000 nígbà tí ti mọ́tò ara ẹni jẹ́ ₦15,000, nítorí náà àpẹẹrẹ owó tó kéré fún ohun tó kéré ti wà nílẹ̀.

Ẹ fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí Road Safety n'Ílọrin, kí ẹ fi ẹ̀dà sí ilé iṣẹ́ ìjọba Kwárà tó ń bójú tó ìrìnnà àti ibi tí wọ́n ti ń gba nọ́ńbà. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé dá yín lóhùn, pẹ̀lú sítáǹpù, torí ìwé yẹn lẹ máa ṣe fọ́tòkópì ẹ̀ sínú báàgì, tẹ́ ẹ ó máa fi hàn tí wọ́n bá dá yín dúró. Kí ẹ ya fọ́tò báìkì tiyín mọ́ lẹ́tà náà, èyí tó lọ́ra àti èyí tó ń sáré, kí ẹ kọ wáàtì àti eré ìkọ̀ọ̀kan sábẹ́ ẹ̀, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tó máa kà á ò rí irú ẹ̀ rí.